Wọ́n fẹ́ gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lára èmi tí mo ní HIV fún ìwádìí: ẹ là mí lọ́yẹ̀

Àlejò Maryland kọ̀wé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó di ọdún kẹtàlá báyìí tí mo ti mọ̀ pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. N kì í pa oògùn alẹ́ mi jẹ, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àyẹ̀wò kò ti rí kòkòrò náà mọ́. Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ń ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dókítà mi sọ fún mi pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ń wá irú wa, àwọn tó ní HIV tí oògùn sì ti ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò, kí wọ́n lè gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lára wa fún ìwádìí. Wọ́n fún mi ní ìwé kan tí ojú ewé rẹ̀ lé ní ogún, wọ́n ní kí n lọ fara balẹ̀ kà á nílé, kí n má ṣe tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé wọn yóò máa gún mi ní abẹ́rẹ́ kan lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn náà ni wọn yóò so mí mọ́ ẹ̀rọ kan fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde láti apá kan, tí yóò sì máa padà wọlé láti apá kejì. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí ẹnikẹ́ni fi nílò sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ láti ara ẹni tí kòkòrò ti wọ̀, nígbà tí àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá kún ìgboro. Gbólóhùn kan sì wà lójú ewé kẹta tí mo ń kà ní àkàtúnkà. Wọ́n ní ìwádìí náà kò ní wo mí sàn, àti pé kò sí àǹfààní kankan tí ara mi yóò rí níbẹ̀.

Ìyàwó mi nìkan ló mọ ipò tí mo wà, òun kò sì fẹ́ kí n lọ. Ẹ̀rù ìwé ìgbélùú tún ń bà mí, nítorí pé n kò tíì di ọmọ onílẹ̀ níhìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùnní kọ̀wé:

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n wa. Ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì di ọdún kẹsàn-án tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ tí ẹ ń sọ yìí, èyí tí à ń pè ní apheresis. Mo ti so àwọn tó ní HIV mọ́ ọn rí. Jẹjẹrẹ lymphoma ló ń bá wọn jà, a sì gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wọn pamọ́ kí a tó fún wọn ní oògùn jẹjẹrẹ tó le koko, kí a lè dá a padà sí wọn lára lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín kì í ṣe ohun àjèjì lọ́wọ́ àwa tí à ń ṣe é.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń gbé. Àwọn ni wọ́n ń bí ẹ̀jẹ̀ pupa àti ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn náà ni wọ́n ń bí àwọn wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Ní àtijọ́, a ní láti fi oorun kun ènìyàn kí a tó fi abẹ́rẹ́ gígùn fa mùdùnmúdùn láti inú egungun ìbàdí, a sì ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ ní báyìí ni abẹ́rẹ́ filgrastim, tí à ń gún sábẹ́ awọ ikùn tàbí apá. Òun ló ń lé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà jáde láti inú egungun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, bí èéfín ṣe ń lé oyin jáde nínú afárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń rí lára, nítorí pé ìwé kì í sọ ọ́ tó. Láti ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ìbàdí, ẹ̀yìn àti egungun àyà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín wìnnìwìnnì bí ẹni tí ibà fẹ́ dá dúbúlẹ̀. Paracetamol ni kí ẹ lò. Ẹ má fọwọ́ kan aspirin, nítorí pé ẹ̀rọ náà máa ń dín àwọn wẹ́wẹ́ amẹ́jẹ̀dì kù, aspirin yóò sì tún mú agbára àwọn tó kù rọ. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ ìhà òsì tí ó máa ń wú díẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ yìí bá ń ṣiṣẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó ya, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ rí, nítorí náà bí ìhà òsì tàbí èjìká òsì bá dun yín gidigidi, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni ó máa ń wà níta ara lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ náà ń yí i kíákíá, ẹ̀jẹ̀ pupa tó wúwo a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ẹ̀jẹ̀ a wà lọ́tọ̀, ìpele tín-ín-rín tó wà láàárín wọn ni a sì ń fà sínú àpò. Oògùn tí a ń fi sí i kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú ọ̀pá máa ń gbé kálísíọ́mù inú ara mì fún ìgbà díẹ̀. Ètè á máa ṣe yín jìnnìjìnnì, orí ìka náà á máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yín kíá tí ẹ bá ti ń gbọ́ ọ lára, ẹ má ṣe fi ìwà akin dá a mọ́ra, nítorí pé kálísíọ́mù díẹ̀ ni yóò mú un lọ. Ẹ wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ṣeé ká sókè, kí ẹ sì tọ̀ kí ẹ tó jókòó.

Ìyá Àdùkẹ́ kọ̀wé:

Ọmọ mi, Abẹ́òkúta ni mo wà. Ọdún 2003 ni wọ́n sọ ìtumọ̀ ẹ̀jẹ̀ mi fún mi, lẹ́yìn tí ọkọ mi ti kú. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn náà lọ́dún kan ṣáájú ni, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n ń gbà lóṣù, kì í sì í ṣe gbogbo wa ló rí orúkọ fi sílẹ̀. Mo máa ń ta àwọn aṣọ òkè mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí n lè rí owó náà san, títí ó fi di ọ̀fẹ́ ní ọdún 2006. Àwọn tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn nígbà náà, ọ̀pọ̀ wọn kò sí mọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àwọn oògùn tó gbà mí là, ara ènìyàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ẹnì kan tí n kò mọ̀, tí kò mọ̀ mí, ló na apá rẹ̀ sílẹ̀. N kò lè bá ìyàwó rẹ jiyàn, nítorí òun ló mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n mo ń ronú nípa ẹni yẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lọ́kàn mi. Títí di òní, rédíò ṣì ń pe ohun tó wà lára wa ní àrùn kògbóògùn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí èyí tó wà lára mi ti ń gbọ́ oògùn. Lílọ ni kò tíì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn kan wà lókè òkun tí ó ti lọ pátápátá lára wọn, àti pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n fi ṣe é?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kọ̀wé:

Ìyá wa, ẹ ṣeun fún ohun tí ẹ sọ. Ìmọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò ní Ìbàdàn, màá sì gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yín àti ti ẹ̀gbọ́n wa pọ̀.

Lóòótọ́ ni, ìyá wa. Ẹni àkọ́kọ́ ni Timothy Ray Brown, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlú Berlin ní Jámánì. Láti ọdún 1995 ló ti mọ̀ pé òun ní HIV, nígbà tó sì di ọdún 2006, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tún kọlù ú. Ó di dandan kí wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹlòmíràn fún un nítorí jẹjẹrẹ náà. Dókítà rẹ̀, Gero Hütter, wá ro ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe. Kí HIV tó lè wọ inú sójà ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà fún wa, ó sábà máa ń nílò ìlẹ̀kùn kan tí à ń pè ní CCR5. Àwọn ènìyàn kan wà tí a bí láìsí ìlẹ̀kùn yẹn, nítorí pé jíìnì (àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tó yẹ kó ṣe é ti gé kù láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wọn méjèèjì. Hütter wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì bá ti Brown mu, ó rí i, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ náà ní oṣù kejì ọdún 2007. Jẹjẹrẹ náà padà, wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2008. Láti ìgbà tí Brown ti dá oògùn HIV dúró, kòkòrò náà kò padà mọ́ títí jẹjẹrẹ fi gba ẹ̀mí rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a gbọ́ nípa Adam Castillejo ní London ní ọdún 2019, àti Marc Franke ní Düsseldorf, àti àwọn díẹ̀ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìròyìn ayọ̀ yìí bo ohun tó wà nídìí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn ni jẹjẹrẹ ti ń bá jà. Kí a tó lè gbin sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn, a ó kọ́kọ́ fi oògùn tó le tàbí ìtànṣán pa mùdùnmúdùn ẹni náà run, ìyẹn nìkan sì lè pa ènìyàn. Kò sí dókítà olóòótọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí oògùn kan lójúmọ́ ti tó. Èkejì ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan péré ni a bí láìsí ìlẹ̀kùn náà rárá, àwa aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà kò sì ní àbùdá yẹn, àfi tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó bá wà nínú ìran ẹni. Bí a bá dúró de ẹni tí yóò fún ọmọ Yorùbá ní irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, a ó dúró pẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ti wọlé. Àwọn onímọ̀ ní, bí a kò bá rí ẹni tí a bí láìsí ìlẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí a gba sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀, kí a yọ ìlẹ̀kùn náà kúrò nínú yàrá ìwádìí, kí a sì dá a padà fún un. Ní ọdún 2014, Yunifásítì Pennsylvania kéde pé àwọn ti ṣe é pẹ̀lú sójà ara ènìyàn méjìlá tó ní HIV. Kò wò wọ́n sàn, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà láàyè nínú wọn. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé sójà ara máa ń gbó, ó sì máa ń kú. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni ìyá tó ń bí gbogbo wọn, bí ìyá bá ti yí padà, àwọn ọmọ tó bá bí lẹ́yìn náà yóò gbé ìyípadà yẹn wá sáyé. Ilé ìwòsàn City of Hope ní California ti gbìyànjú irú rẹ̀. Ní ọdún 2010, wọ́n kéde pé àwọn fi jíìnì adènà-HIV sínú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ènìyàn mẹ́rin tó ní HIV àti lymphoma. Jíìnì náà dúró nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kéré jù láti borí kòkòrò.

Ẹ̀gbọ́n, ìdí tí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá kò fi lè dípò tiyín nìyẹn. Ẹni tí a fẹ́ wò sàn ni ẹni tó ní HIV, mùdùnmúdùn rẹ̀ kò sì rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Kòkòrò náà ti bá a jà, àwọn oògùn àtijọ́ bíi AZT pàápàá máa ń dá mùdùnmúdùn lágara títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi gbẹ lára ẹni. Ṣé abẹ́rẹ́ náà yóò lé sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ tó jáde lára irú ẹni bẹ́ẹ̀? Tí a bá yí jíìnì rẹ̀ padà, ṣé yóò ṣì lè bí ẹ̀jẹ̀? Ìbéèrè kan sì wà tó ń gbà mí lọ́kàn jù, ìyẹn ni bóyá kòkòrò náà ń sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ọdún 1997 ni a ti mọ̀ pé ó ń sùn sínú àwọn sójà ara kan, níbi tí oògùn kò ti lè kàn án, ìdí nìyẹn tí ó fi ń padà tí a bá dá oògùn dúró. Kathleen Collins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan sọ ní ọdún 2010 pé àwọn rí i nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn mìíràn wá a lára àwọn tó ti ń lo oògùn, wọn kò rí i. Bí ó bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìwòsàn yóò le ju bí a ti rò lọ. Kò sí bí a ṣe lè mọ èyí láìjẹ́ pé irú yín na apá sílẹ̀.

Baba Olùkọ́ kọ̀wé:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì dúpẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òṣogbo ni mo wà. N kò lòdì sí ìwádìí, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àtijọ́ kò ṣẹlẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Maryland tí ọmọ wa yìí ń gbé, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, wọ́n gé díẹ̀ nínú jẹjẹrẹ ara Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ní ọdún 1951, wọn kò bi í. Ó kú lọ́dún náà. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò kú. Wọ́n ń sìn ín bí ẹni ń sin adìẹ, wọ́n ń tà á káàkiri ayé, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó di ọdún 2023 kí ilé iṣẹ́ kan, Thermo Fisher, tó yanjú ẹjọ́ pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, ní Kánò ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé, Pfizer dán oògùn Trovan wò lára wọn. Ọmọ mọ́kànlá ló kú nínú àwọn tó wà nínú ìdánwò náà. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009, ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ọ̀ràn náà.

Ìbéèrè mi ni pé ta ni yóò ni sẹ́ẹ̀lì ọmọ wa lẹ́yìn tó bá ti kúrò lára rẹ̀? Ọdún mélòó ni wọn yóò fi pa á mọ́? Bí oògùn bá ti ibẹ̀ jáde, ṣé ìyá tó ń ta aṣọ òkè kí ó tó rí oògùn yóò lè rà á? Mo kà pé oògùn tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí a tún jíìnì rẹ̀ ṣe wo fòníkú-fọ̀ladìde, Casgevy, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2023, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnì kan.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kọ̀wé:

Baba, ẹ kò ṣì í sọ. Ọ̀rọ̀ owó náà ń dùn mí gan-an, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde wà, ìwádìí ọdún 2018 sì fi hàn pé àwọn tó ń gbé pẹ̀lú HIV ní Nàìjíríà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, àti àjọ Gates ṣèlérí ní ọdún 2019 pé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yóò ná ó kéré tán ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún mẹ́rin, kí irú ìwòsàn yìí fún HIV àti fòníkú-fọ̀ladìde lè dé Áfíríkà ní iye tí apá ń ká. Ohun tí wọ́n ń lépa ni abẹ́rẹ́ tí a lè gún síni lára láìgba sẹ́ẹ̀lì jáde rárá. Kò tíì dé.

Ní ti ẹni tó ni ín, ẹ̀gbọ́n, ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ wò ó bóyá wọn yóò fi orúkọ tàbí nọ́ńbà sí ara àpò náà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń pa owó, bóyá wọn yóò ka gbogbo jíìnì yín, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá yí ọkàn padà lọ́dún méjì sí i. Ohun tí wọ́n bá ti lò kò ṣeé gbà padà, ṣùgbọ́n èyí tó kù nínú yìnyín gbọ́dọ̀ ṣeé sọ nù. Ẹ tún bi wọ́n nípa eku. Wọ́n máa ń gbin sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ènìyàn sínú eku tí kò ní sójà ara tirẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lè máa ṣàn nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi kòkòrò dán an wò. Àwọn kan kò rí ohun tó burú níbẹ̀, ẹ̀sìn àwọn mìíràn kò gbà á. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú.

Ìyá Abíọ́lá kọ̀wé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i nítorí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn. Ọmọ mi ní ẹ̀jẹ̀ SS. Dókítà rẹ̀ kìlọ̀ fún wa gidigidi pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní filgrastim láéláé. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín?

Nọ́ọ̀sì Àdùnní kọ̀wé:

Ẹ ṣé é púpọ̀, mà, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́. Lóòótọ́ ni, filgrastim ti dá ìrora ńlá sílẹ̀ lára àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS tàbí SC, ó sì ti pa àwọn kan. AS kò rí bẹ́ẹ̀. A ti gba sẹ́ẹ̀lì lára àwọn AS láìsí ìjàm̀bá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbà á gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan jẹ́ AS, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé àwọn òyìnbó yóò rántí bi yín.

Oògùn kejì wà fún àwọn tí kò gbọdọ̀ gba filgrastim, plerixafor. Ìtàn rẹ̀ yóò dùn mọ́ yín nínú. HIV gan-an ni wọ́n ṣe é fún ní ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ó ń ti ìlẹ̀kùn kejì tí kòkòrò náà ń gbà wọlé, CXCR4. Kò ṣiṣẹ́ tó, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dán an wò lára wọn ni a fi rí i pé ẹ̀jẹ̀ funfun ń pọ̀ lójijì. Ìlẹ̀kùn yẹn kan náà ni okùn tó ń so sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ mọ́ inú egungun. Láti ọdún 2008 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún gbígba sẹ́ẹ̀lì lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ, òun náà ni wọ́n sì ń lò fún àwọn tó fẹ́ gba Casgevy nítorí fòníkú-fọ̀ladìde.

Ohun kan kù, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ṣe fo oògùn HIV yín ní ọjọ́ kankan nínú ọjọ́ márùn-ún yẹn. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2000 rí i pé kòkòrò pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan nígbà tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ náà. Oògùn ayé ìgbà yẹn kò tó ti ìsinsìnyí, síbẹ̀ kò yẹ kí ẹ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Ará Bowie kọ̀wé:

Maryland ni èmi náà wà, mo sì máa ń bá àwọn ará wa ṣètò ìwé ìgbélùú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Láti ọdún 1987 ni Amẹ́ríkà ti fi HIV ṣe ìdí tí wọn kì í fi gba àlejò wọlé, ṣùgbọ́n òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2010. HIV kò sí lára àwọn àìsàn tí wọ́n fi ń dí ìwé ènìyàn lọ́wọ́ mọ́. Bí owó NIH ni wọ́n fi ń ṣe ìwádìí náà, òfin ti fi ìwé ẹ̀rí ìpamọ́ àṣírí bò ó láti oṣù kẹwàá ọdún 2017. Àwọn tó ń ṣèwádìí kò gbọdọ̀ fa orúkọ yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i, ìbáà jẹ́ ilé ẹjọ́ ló béèrè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ohun tí òfin ìlera ìlú bá ní kí wọ́n fi tó ìjọba létí. Ẹ wá gbólóhùn náà nínú ìwé yín. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè.

Àlejò Maryland kọ̀wé:

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ foríjì mí pé n kò dáhùn kíákíá.

Mo kọ ìbéèrè yín sínú ìwé, mo sì mú ìyàwó mi dání lọ. Ó jókòó ti nọ́ọ̀sì olùwádìí náà fún wákàtí kan àbọ̀, òun ló béèrè èyí tó pọ̀ jù. AS ni mí, wọn kò sì tíì mọ̀. Wọ́n ní àpótí wà nínú ìwé tí mo lè fi àmì sí tàbí kí n fi sílẹ̀ lófìfo. Mo gbà fún eku. N kò gbà kí wọ́n ka gbogbo jíìnì mi, nítorí pé jíìnì mi kì í ṣe tèmi nìkan, ó kan àwọn ọmọ mi, àwọn kò sì tíì dàgbà tó láti sọ tẹnu wọn. Nípa oògùn tó bá ti ibẹ̀ jáde, wọ́n sọ ọ́ lójú mi pé n kò ní ní ìpín kankan nínú owó rẹ̀. Ìyẹn dun ìyàwó mi. Ó dun èmi náà, Baba. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó tọwọ́ bọ ìwé.

Ọjọ́ kẹta abẹ́rẹ́ ni ó le jù. N kò lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ méjèèjì ti ara mi sókè, àárín ẹ̀yìn mi sì ń lù kìkì bí ìgbà tí ọkàn bá ń lù. Lọ́jọ́ ẹ̀rọ, ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jìnnìjìnnì lẹ́yìn bíi wákàtí kan, mo rántí ohun tí Nọ́ọ̀sì Àdùnní sọ, mo sì ké sí wọn kíá. Wákàtí márùn-ún ni mo lò níbẹ̀. Ìyàwó mi ń fi ọ̀pá mu mí lómi, nítorí pé n kò lè ká apá kò.

Ìyá Àdùkẹ́ kọ̀wé:

Olúwa yóò wẹ̀yìn rẹ, ọmọ mi. Kí ìyàwó rẹ náà gba ọpẹ́ mi. Ṣé wọ́n jẹ́ kí o rí sẹ́ẹ̀lì náà?

Àlejò Maryland kọ̀wé:

Wọ́n jẹ́ kí n rí i, mà. Mo rò pé yóò rí bí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ, ó dà bí omi tòmátì tí a là lómi, inú àpò kékeré tí kò tó ìgò omi kan. Ó gbóná díẹ̀ nígbà tí mo fi ọwọ́ kàn án. Àmì pupa wà lára rẹ̀ pé ó ní HIV, kí ẹni tó bá mú un lè ṣọ́ra, wọ́n sì ní inú ìkòkò yìnyín ọ̀tọ̀ ni yóò sùn.

Baba Olùkọ́, orúkọ mi kò sí lára rẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n kọ. Wọ́n fún mi ní ẹ̀dà nọ́ńbà náà àti nọ́ńbà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí màá pè bí mo bá fẹ́ kí wọ́n sọ èyí tó kù nù. Ìyàwó mi ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé oògùn mi, ó sì kọ ọ́ sínú Bíbélì rẹ̀ pẹ̀lú.